Ìkúùkù Méjìdínlógójì ní Kíláàsì Àtọ́kẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Àtọ́kẹ́ jẹ́, kó má lọ bi í. Kó lọ bi àwọn tó ti fún lórúkọ. Ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, kò sí ẹni tó bá obìnrin yìí jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó padà sílé pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìkan. Ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, "Mo-Ti-Dé-Ìkóríta" ló ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ lórí fóònù nìyẹn nígbà tó ṣì wà lórí ẹní. Obìnrin tó ń ta wàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni "Má-Fọwọ́-Kàn-Án." Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn gan-an, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀ládé, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, "Abẹ́ Fìlà" ni tirẹ̀. Ọ̀gá náà mọ̀. Ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Ofiki ni wọ́n bí Àtọ́kẹ́ sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó ri agogo ilé-ẹ̀kọ́ mọ́nú ebè iṣu bàbá rẹ̀. Wọ́n wá agogo títí, wọn ò rí i, ó wá di pé olùkọ́ ń fi ẹnu pe àwọn ọmọ wọlé bí ẹni ń pe adìẹ. Ìgbà tí wọ́n wa iṣu lọ́dún náà ni agogo jáde, ó ti dípẹtà. Bàbá rẹ̀ wo agogo, ó wo ọmọ, ó ní, "Ìwọ yìí, bí o kò bá di olè, wàá di tíṣà."

Ó di tíṣà. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ̀, mọ́kànlá nínú rẹ̀ ló sì ti lò ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìdí-Kaṣú, níbi tó ti ń kọ́ Pírámárì Kẹrin. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Bó bá ń sọ ìtàn nínú kíláàsì, àwọn ọmọ kíláàsì kejì a máa ti ojú fèrèsé yọrí. Bó bá ń kọ́ ìṣirò, ẹ̀rín a máa sọ nínú yàrá náà bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Òun náà sì mọ ara rẹ̀ lẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́ ni pé, "Ọ̀rọ̀ mi kì í bọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó bá wà níwájú mi, dandan ni kó yé e." Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn o, nítorí òun ló padà wá há a lọ́fun.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé, ní ọ̀sẹ̀ kejì táàmù, Ọ̀gá Ọ̀jẹ̀ládé ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta dé láti Ìsẹ́yìn. Ó kó àwọn tíṣà jọ sábẹ́ igi kaṣú, ó ní ohun tí wọ́n kọ́ àwọn lọ́hùn-ún ni pé kí àwọn tíṣà fúnra wọn máa ṣe ìwádìí nínú kíláàsì wọn. Kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, kí wọ́n wo bó ṣe ń wọ àwọn ọmọ létí, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, kí wọ́n sì tún ibi tó bá wọ́ ṣe.

Caleb ló kọ́kọ́ fọhùn. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni, òun ló ń kọ́ Pírámárì Karùn-ún, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta nílùú wọn. "Ọ̀gá, ìwádìí kẹ̀? Àwọn tó ń ṣe ìwádìí máa ń wọ kóòtù funfun, sà. Èmi ò ní ju ṣẹ́ẹ̀tì yìí lọ."

"Caleb," ni ọ̀gá wí, "ṣé o mọ àáró?"

"Àáró tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe, sà? Mo mọ̀ ọ́n. Àáró ni wọ́n fi ro oko tó tọ́ mi dàgbà."

"Ó dáa. Lónìí gbogbo wa á lọ ro oko tìrẹ, lọ́la gbogbo wa á lọ ro tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kíláàsì ẹnì kan ni oko. Àwa yòókù á gbé àga sẹ́yìn, a ó máa wò. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ìkọ́ni yìí dára tàbí kò dára. Kí kálukú mú ohun kan tó lè kà, kó kà á, kó sì sọ iye rẹ̀. Ẹni tó bá rí ohun gidi níbẹ̀ ni yóò lọ kà á sétí àwọn tíṣà agbègbè wa ní Ṣakí níparí táàmù."

Ojú Àtọ́kẹ́ tàn. Obìnrin tó ti ń fi ọ̀fẹ́ ka àléébù ẹlòmíràn láti Ofiki, ìjọba wá ní kó máa kà á sínú ìwé. Ìgbà wo ni wọ́n ti fún ológbò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹja? Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ti rán àǹkárá tí yóò wọ̀ lọ sí Ṣakí.

Kíláàsì Caleb ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Àtọ́kẹ́ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lórí itan, bí ìyá ìyàwó tó wá wo ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé yàrá àwọn tíṣà, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wúkọ́.

"Ohun tí mo kà," ó ní, "ni 'ṣé ó yé yín?' Láàárín ìṣẹ́jú márùndínlógójì, Tíṣà Caleb béèrè rẹ̀ nígbà mọ́kànlélógójì. Àwọn ọmọ sì dáhùn 'ó yé wa, sà' nígbà mọ́kànlélógójì. Wọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹyọ kan." Ó dìde, ó fa ìgbànú tí kò sí nídìí rẹ̀ sókè gẹ́lẹ́ bí Caleb ṣe máa ń fà á, ó sì mú ohùn rẹ̀ nípọn. "Oòrùn ń yọ. Ṣé ó yé yín? Mo fẹ́ sín. Ṣé ó yé yín?"

Morẹ́nikẹ́, tíṣà tó kéré jù nínú wọn, rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Ọ̀gá rọra sọ pé òun náà ka nǹkan kan: ìbéèrè kan ṣoṣo ni Caleb bi wọ́n ní ìparí, ọmọ mẹ́fà ló sì gbà á. Caleb wo ilẹ̀. Kò bínú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni kò ti béèrè bóyá ó yé ẹnikẹ́ni mọ́, ìyàwó rẹ̀ nílé pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lọ sí kíláàsì Morẹ́nikẹ́. Àtọ́kẹ́ ka àwọn ọmọ tí tíṣà ń pè. Nínú ìgbà méjìlélógún tó pe ọmọ láti dáhùn, mọ́kàndínlógún ló jẹ́ ti ọmọ mẹ́ta kan náà, àwọn tó jókòó síwájú gan-an.

"Morẹ́nikẹ́ mi," Àtọ́kẹ́ wí, "àwọn mẹ́ta yẹn, ṣé ìwọ lo bí wọn ni? Àwọn tó kù ńkọ́, ṣé àlejò ni wọ́n?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mà, àwọn nìkan ló ń nawọ́."

"Àwọn nìkan lò ń wò."

Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ẹ̀ sunkún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti kó bẹ́ńṣì kíláàsì rẹ̀ yípo, kò sì sẹ́ni tó tún lè sọ ibi tí iwájú wà. Ẹ rí i pé oko ń mọ́. Ẹnu ẹni tó ń ro ó ló mú ju ọkọ́ lọ.

"Ìyá Ìyanu," Caleb fi orúkọ ọmọ Àtọ́kẹ́ ké sí i lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni tiyín o. Mo ti ra báírò tuntun."

"Ra méjì," Àtọ́kẹ́ fún un lésì. "Ọ̀kan á ti gbẹ níbi tí o bá ti ń kọ iye ọmọ tó gbà á."

Ó fi ẹ̀rín gun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n kí Mo-Ti-Dé-Ìkóríta tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé, ẹ̀rín ti gbẹ. Ó rò ó sí ọ̀tún, ó rò ó sí òsì. Ọ̀nà méjì ni ẹnu rẹ̀ ti ná án: ó ti fi Caleb ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti fi Morẹ́nikẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí oko tirẹ̀ bá wá ní koríko, àwọn méjèèjì kò ní jẹ́ kó rí ẹnu jẹun mọ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ìdá ló sì máa kọ́ lọ́jọ́ náà, ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ti ń kọ́ ọ bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dá a lójú pé ó yé wọn. Ó dá a lójú dáadáa. Àmọ́ ṣá, ẹni tó dá lójú náà a máa ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó pa ilẹ̀kùn kíláàsì dé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógójì na ọrùn.

"Lọ́la, àlejò mẹ́ta ń bọ̀ wá wò wá. Ìbéèrè tí mo bá béèrè, kí gbogbo yín na ọwọ́. Gbogbo yín pátápátá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó la àtẹ́lẹwọ́ báyìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó di ìkúùkù báyìí. Ẹni tó la àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni mo máa pè. Àlejò kò ní mọ̀. Àwa nìkan la mọ̀ ọ́n."

Mojeed, tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ti ẹlòmíràn nínú ohun gbogbo, béèrè pé, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?"

"Eré ni," Àtọ́kẹ́ dáhùn. "Ẹ̀pà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀."

Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Inú àwọn ọmọ dùn dé ibi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde fún ìsinmi. Àṣírí tó da ọmọ pọ̀ mọ́ tíṣà, níbo ni wọ́n ti rí irú ẹ̀ rí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àlejò dé. Ọ̀gá, Caleb àti Morẹ́nikẹ́ tò sẹ́yìn. Caleb yóò ka ọmọ tó bá na ọwọ́, Morẹ́nikẹ́ yóò ka ibi tí tíṣà ti ń pe ọmọ, ọ̀gá yóò ka ìdáhùn tó tọ̀nà. Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn. Ó fa ilà sáàárín òbírí lójú pátákó, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí apá kan jẹ́. Ọwọ́ mẹ́tàlélógójì ló gbéra. Caleb kà á, ó ṣéjú, ó tún un kà. Àtẹ́lẹwọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àtọ́kẹ́ pe ọ̀kan lọ́tùn-ún, ó pe ọ̀kan lósì, wọ́n gbà á. Orí obìnrin náà wú. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Ó wá kọ ìdá méjì sójú pátákó. "Ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Èwo ló tóbi jù?"

Ọwọ́ mẹ́tàlélógójì tún lọ sókè. Àtọ́kẹ́ wò wọ́n, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tún wò wọ́n. Ìkúùkù. Ìkúùkù lọ́tùn-ún, ìkúùkù lójú fèrèsé, ìkúùkù láàárín, ó kún yàrá bí orí ọkà bàbà nígbà tó gbó lóko. Ó wá àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Márùn-ún péré ló rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè nǹkan yìí, ojoojúmọ́ ni gbogbo kíláàsì ń dáhùn pọ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìdáhùn náà bó ṣe rí gan-an: ẹnu Mojeed ló ń ṣáájú, ẹnu tó kù a máa wọ́ tẹ̀lé e bí àgùntàn.

Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìkúùkù kan ga ju gbogbo wọn lọ. Sọ̀fíyàt ló ni ín, ọmọ Ràmọ́nì aránṣọ. Kí eré yìí tó dé, ọmọ yìí kò na ọwọ́ rí nínú kíláàsì náà. Bí Àtọ́kẹ́ bá ní kí ẹni tí kò yé sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Lónìí ó dìde díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó na apá rẹ̀ bí ẹni fẹ́ kan àjà, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí tíṣà rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, Àǹtí, ẹ wò mí, mo ń ṣe é bí ẹ ṣe ní ká ṣe é.

"Mojeed," ni Àtọ́kẹ́ pè, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ìdá kan nínú mẹ́ta, Àǹtí."

Ọ̀gá fàmì sí i. Caleb pàtẹ́wọ́, kò mọ ìgbà tó pa á. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ ló jókòó sí, ọwọ́ ló ń kà. Ẹni tó ń ka ebè kì í wo ewé.

Ní yàrá àwọn tíṣà, Caleb fi báírò tuntun náà lé e lọ́wọ́. "Ìyá Ìyanu, mo túúbá. Ẹ gbà, ẹ máa fi kọ èyí tí ẹ ó kà ní Ṣakí. Gbogbo ọmọ, gbogbo ìbéèrè. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Àtọ́kẹ́ gba báírò. Ó yẹ kó fún un lórúkọ tuntun níbẹ̀ yẹn, ó kàn sọ báírò náà sínú báàgì. Kódà nígbà tó délé, kò sọ eré náà fún ọkọ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò dá ẹ̀fẹ̀ tí kò ní lè rò fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àáró kan Ọlátúnjí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́wàá gbé ọkọ́ wá sóko rẹ̀ lọ́nà Ìgbòho, Àtọ́kẹ́ sì ru ẹ̀wà àti gàrí tẹ̀lé wọn. Ẹnu ọ̀nà oko náà mọ́, iṣu ibẹ̀ ń ta gbìrìgbìrì. Ọlátúnjí kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó mú wọn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí koríko ẹ̀kan ti bo ebè mọ́lẹ̀, tí èèyàn kò lè sọ bóyá oko ni tàbí igbó.

"Bàbá Ìyanu," ìyàwó rẹ̀ fà á lápá, "ṣé ojú ò tì yín ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ibi tó dáa ná."

"Ibi tó dáa?" Ọlátúnjí wò ó. "Kí ni kí wọ́n wá fi ọkọ́ ṣe níbẹ̀?"

"Wọn á lọ máa sọ ọ́ nílùú pé oko yín di igbó."

"Kí wọ́n sọ ọ́. Ọkọ́ mẹ́wàá ni mo ní lónìí, mi ò ní in lọ́la. Bí mo bá fi ẹ̀kan pamọ́ fún wọn, wọn á jẹ ẹ̀wà mi, wọn á yìn mí, wọn á lọ. Èmi àti ẹ̀kan náà ni yóò jọ kù sẹ́yìn. Ìwọ ti rí ẹni tó ń ro oko sílẹ̀ de àáró rí?"

Àtọ́kẹ́ gbé igbá ẹ̀wà kalẹ̀, ó jókòó sórí ebè, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un, àtẹ́lẹwọ́, ìkúùkù, báírò Caleb, gbogbo rẹ̀. Ọlátúnjí rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá dúró wò ó.

"Ẹ má dá a lóhùn," Àtọ́kẹ́ sọ fún wọn. "Oòrùn ló pa á."

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ sílé, ó ní kó wa iṣu méjì tó jọra bí ìbejì fún òun.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó lọ bá ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ tún bá mi kó wọn wá. Àáró mi ò tíì parí."

"Oko wo nìyẹn?" ni ọ̀gá béèrè. "Èyí tó mọ́ tónítóní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ẹ ṣáà wá, sà."

Wọ́n tún tò sẹ́yìn. Àtọ́kẹ́ dúró níwájú, ó fi ọwọ́ nu ojú. Bí èèyàn bá fẹ́ rí obìnrin yìí kó máa wá ọ̀rọ̀, ọjọ́ náà ló yẹ kó wá.

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rántí àdéhùn wa?"

"A rántí, Àǹtí."

"Caleb, gba báírò ẹ padà. Má ka ọwọ́ lónìí. Ìkúùkù ni kó o kà." Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ, ó sì béèrè ìbéèrè náà gan-an: ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin, èwo ló tóbi jù?

Ọwọ́ lọ sókè. Caleb dìde, ó ń fi báírò tọ́ka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Méjìdínlógójì. Kí ni ti ìkúùkù, Ìyá Ìyanu?"

Kí Àtọ́kẹ́ tó dáhùn, Mojeed ti gbà á. "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni, sà. Àǹtí ní ká máa dì í kí ẹ má baà mọ̀."

Ọ̀gá Ọ̀jẹ̀ládé wo àwọn ìkúùkù náà, ó wo Àtọ́kẹ́, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí i kó ṣe rí ní Ìdí-Kaṣú: ó ṣí fìlà. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ ju orí tó pá, tó ń dán bí àwo tánganran. Àwọn ọmọ gbàgbé ìdá pátápátá.

Caleb ni ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé. Ó fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mọ́kànlélógójì tèmi," ó ń sọ láàárín ẹ̀rín, "mọ́kànlélógójì tèmi tí ẹ fà mí nígbànú lé lórí. Ìyá Ìyanu, ẹ̀yin lẹ jù mí."

"Mo jù ẹ́," Àtọ́kẹ́ gbà. "Ibi tí koríko wà rèé. Ẹ gbé ọkọ́."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ni," ó ní. "Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa nílé, kò ní dìde níwájú àgbà kó ní ọ̀rọ̀ àgbà ò yé òun. Lójú tirẹ̀, ó ti bú ẹ nìyẹn. Àwa náà sì ń fi ẹnu bi í léèrè lójoojúmọ́. Ìkúùkù yìí, kò bú ẹnikẹ́ni. Àtọ́kẹ́, ọ̀nà olè lo gbà wọlé, ṣùgbọ́n o bá ohun tí gbogbo wa ń wá pàdé níbẹ̀."

Morẹ́nikẹ́ ti dìde ní tirẹ̀. Ó lọ jókòó ti Sọ̀fíyàt, ó sì rọra bi í pé èwo ló tóbi lójú rẹ̀.

"Èyí tó ní mẹ́rin, Àǹtí. Mẹ́rin ju mẹ́ta lọ."

Àtọ́kẹ́ gbọ́ ọ láti iwájú. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà bọ́gbọ́n mu dé ibi pé ó ya òun alára lẹ́nu. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tó rò ó pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọsẹ̀. Ó gbé iṣu méjèèjì jáde nínú báàgì, ó kó ọmọ mẹ́ta sí ìdí ọ̀kan, ó kó mẹ́rin sí ìdí ìkejì, ó sì fún Caleb ní ọ̀bẹ.

"Sọ̀fíyàt, wá. Wọ́n fẹ́ pín iṣu. Rọ́pò ẹnì kan níbi tó bá wù ẹ́."

Sọ̀fíyàt rìn wá. Ó wo iṣu kìíní, ó wo ìkejì. "Ṣé wọ́n dọ́gba, Àǹtí?"

"Wọ́n dọ́gba."

Ó lọ dúró síbi àwọn mẹ́ta.

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ràn iṣu."

Caleb gé e. Wọ́n gbé ègé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé. Sọ̀fíyàt wo tirẹ̀, ó wo ti àwọn mẹ́rin, ó tún wo ojú pátákó. Ìkúùkù ọwọ́ òsì rẹ̀, tó ti gbàgbé láti tú láti ìgbà tí tíṣà ti béèrè ìbéèrè, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìka kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Àtọ́kẹ́ tún béèrè, ìkúùkù méje ló kù. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ku méjì. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn kàn fẹ́ kí wọ́n tún gé iṣu ni.

Nígbà tí táàmù ń parí lọ, Àtọ́kẹ́ lọ sí Ṣakí, ó wọ àǹkárá rẹ̀. Kò fi ẹyọ kan pamọ́: bó ṣe ti ilẹ̀kùn, bó ṣe ṣèlérí ẹ̀pà, bí Mojeed ṣe tú u fó. Àwọn tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí kálukú ti ń rántí kíláàsì tirẹ̀. Níwájú, Caleb jókòó, ibi tí Àtọ́kẹ́ bá ti fẹ́ máa yin ara rẹ̀ díẹ̀, a gbé ìkúùkù sókè. Òun náà ló fún un lórúkọ nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń bọ̀: "Ìyá Oníìkúùkù." Kò tíì sí ẹni tó fún Àtọ́kẹ́ lórúkọ rí. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ, ó bínú dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Mo-Ti-Dé-Ìkóríta ti ń fi pè é, Má-Fọwọ́-Kàn-Án náà ti ń fi kí i, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá tún pe ìpàdé sábẹ́ igi kaṣú. Ìwé tuntun kan dé láti ọ́fíìsì, ojú ìwé mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan máa kọ ọ̀rọ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí, ó ṣàlàyé, ó làágùn, ó sì ti ẹnu àṣà sọ pé, "Ṣé ó yé yín?"

Àtọ́kẹ́ di ìkúùkù, ó gbé e sókè. Caleb gbé tirẹ̀. Morẹ́nikẹ́ wo àwọn méjèèjì, òun náà gbé tirẹ̀.

Ọ̀gá Ọ̀jẹ̀ládé wo ìkúùkù mẹ́ta. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i dé ojú ewé kẹsàn-án, ó pa á dé. Ó sì rọra gbé ìkúùkù tirẹ̀ náà sókè.